Ta Ló Ń Kó Kéréètì Òfìfo Padà?

Nígbà tí olóòtú ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ fún ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Má kọ ewì ìfẹ́ o, ewì ìfẹ́ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Kọ nípa ohun tí ò ń kọ́ ní kíláàsì yín." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán ò lè rí ni mò ń kọ́. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn jàre? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, mo rò ó sọ́tùn-ún, mo rò ó sósì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà tí mo ti ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ náà ò ju pé kí èèyàn má mọ nǹkan, kó sì ya ẹnu rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù màmá mi.

Màmá mi ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Mínírà inú ìgò ló ń tà, kì í ṣe ti inú ike. Ẹni tó bá ti ta mínírà oníìgò rí á mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń rà á. Bó o gbé owó tó kún àpò lọ sí dípóò, tó ò gbé kéréètì tí ìgò òfìfo kún inú rẹ̀ dání, wọ́n á ní kó o padà sílé. Ìgò òfìfo yẹn tí àwọn oníbàárà ń jù sábẹ́ àga, òun gan-an ni ẹ̀mí òwò náà.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọkùnrin kan máa ń wà ní àdúgbò yẹn. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní ọmọlanke, kò sì tajà. Lọ́sàn-án gangan, orí bẹ́ńṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa lẹ ó ti bá a tó ń sùn. Gbogbo wa gbà pé ọ̀lẹ ni. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní òun ò fẹ́ràn ojú rẹ̀, pé ó jọ ọkùnrin kan tí wọ́n mú fún olè ní ọjà kejì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di olè nìyẹn o, nítorí pé ó jọ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan, a ò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan dàrú. Mínírà tán ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi, ó tán ní ti ẹnìkejì rẹ̀, ó tán ní ti ẹni tó wà lódìkejì títì. Owó wà lọ́wọ́ wọn. Mínírà wà ní dípóò. Kéréètì òfìfo ni kò sí. Ìgbà tí wọ́n wá wádìí ni wọ́n tó mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ló máa ń dìde ní ìdájí, tó ń lọ kó ìgò jọ ní ilé oúnjẹ, ní ibi tí wọ́n ti ṣe ìnáwó, ní ìdí gọ́tà, tí á sì tò wọ́n sínú kéréètì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kálukú kí ilẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ tó ń gbé mínírà wá ló ń fún un ní owó díẹ̀ díẹ̀, awakọ̀ sì rò pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló rán an. Màmá mi ní tòun rò pé èmi àti àbúrò mi ni. Àwa náà rò pé Mọ́mì ni. Àìsàn ló gbé ọkùnrin náà dè.

Ẹ fi ìtàn yẹn sápò ná. Màá padà sí i.

*

Bakitéríà kéré. Bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún nínú irú èyí tó ń gbé inú ìfun wa lẹ́sẹẹsẹ, gígùn wọn lápapọ̀ ò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Síbẹ̀, ilé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Awọ kan tó jẹ́ ọ̀rá ló yí ilé náà ká. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé epo àti omi kì í bára rẹ́. Ṣúgà tó ti yọ́ sínú omi ò lè gba inú ọ̀rá yẹn wọlé, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ò lè gba ibẹ̀. Báwo wá ni ẹni tó wà nínú ilé ṣe ń jẹun? Báwo ló ṣe ń da ìdọ̀tí nù?

Àwọn purotéènì kan wà tó dúró sínú awọ ọ̀rá náà, tí orí wọn yọ sóde, tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú ilé. Àwọn ló ń gbé ẹrù wọlé, tí wọ́n ń gbé ẹrù jáde. Mo máa ń pè wọ́n ní alábàárù. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni LacY, tó ń gbé ṣúgà inú wàrà wọ inú bakitéríà tí wọ́n ń pè ní E. coli. Ámínò ásíìdì 417 ni wọ́n so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ láti fi ṣe é. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn la inú ọ̀rá kọjá lẹ́ẹ̀méjìlá, lọ sóde, bọ̀ sínú ilé. Ní 2003 ni Ronald Kaback àti So Iwata pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ya àwòrán bí ó ṣe rí gan-an. Ó ní ihò kan láàárín. Á kọjú ihò yẹn sóde, á gba ṣúgà kan, á wá yí i kọjú sínú ilé, á sọ ẹrù kalẹ̀. Alábàárù ni, mo sọ fún yín.

Nítorí pé àwọn alábàárù yìí pọ̀, ó di dandan kí wọ́n tò wọ́n. Milton Saier àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì California tó wà ní San Diego ló gbé ètò kan kalẹ̀ fún èyí. Ètò náà dà bí àdírẹ́sì ilé. Ẹ̀ka márùn-ún ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní. 2.A.1.5.1 ni LacY. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ àti ibi tí agbára iṣẹ́ náà ti ń wá, èyí tó tẹ̀ lé e pín in sí i, ẹ̀kẹta ni ẹbí, ẹ̀kẹrin ni ojúlé nínú ẹbí, ẹ̀karùn-ún ni ẹni náà fúnra rẹ̀. Kíláàsì 1 ni àwọn tó jẹ́ ojú ihò lásán, tí nǹkan ń gbà kọjá bí omi ṣe ń gba gọ́tà. Kíláàsì 2 ni irú LacY, tó ń lo agbára nǹkan mìíràn tó ń ṣàn wọlé láti fi gbé ẹrù tirẹ̀. Kíláàsì 3 ń jó epo tirẹ̀. Kíláàsì 4 ń yí ẹrù padà bó ṣe ń gbé e wọlé. Kíláàsì 5 ń gbé ẹlẹ́kítíróònù. Kíláàsì 8 ni àwọn tó ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ ti rí i pé mo fo 6 àti 7. Èmi kọ́ ni mo fò wọ́n o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi méjèèjì sílẹ̀ lófìfo ni, de irú iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo dákẹ́. Ìwé tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò mọ̀ jọ mí lójú.

Kíláàsì 9 ni ìparí, òun ló sì kàn mí. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò tíì yé èèyàn dáadáa sí. Nínú 9.A, a mọ̀ pé alábàárù ni wọ́n, a ò mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbé e. Nínú 9.C, a mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n a ò tíì rí ẹni tó ń ṣe é mú. 9.B ni àwọn tó dúró sínú ọ̀rá, tí ìrísí wọn jọ ti alábàárù, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ń gbé nǹkan kan. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ẹ má rò pé wọn ò pọ̀. Ní 1997 ni wọ́n ka gbogbo DNA inú E. coli tán, bakitéríà tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù lọ láyé. Síbẹ̀, ní 2019, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde fi hàn pé nínú 100 jíìnì rẹ̀, nǹkan bíi 35 ni kò ní ẹ̀rí àdánwò kankan tó sọ iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń to ẹbí purotéènì sínú ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Pfam náà ní orúkọ tí wọ́n ń fún irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀. DUF ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n á wá fi nọ́ńbà sí i, DUF báyìí, DUF bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "iṣẹ́ rẹ̀ ò yé wa" lọ. Ní 2010, iye wọn ti ju 3,000 lọ.

Àìmọ̀ yìí lè pani lára. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Australia àti ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé purotéènì kan báyìí tí kò sẹ́ni tó kà á sí, lára bakitéríà Acinetobacter baumannii, ló ń gbé chlorhexidine jù síta. Oògùn yẹn ni wọ́n fi ń fọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn, òun náà ni wọ́n ń fi sí ìdodo ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tá a rò pé ó ń sùn ló ń da oògùn wa nù láti ojú fèrèsé.

*

Ó kan iṣẹ́ tèmi wàyí. Lábù wa ò ní ohun èlò tó pọ̀, iná ò sì dúró. Ọ̀gá mi ní kí n fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ mi. Ó fún mi ní purotéènì kan láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ti 9.B, ó ní, "Wá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kàn fún mi."

Iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dùn. Ọgbọ́n kan wà tí Kyte àti Doolittle gbé jáde ní 1982. Irú ámínò ásíìdì 20 ló wà, àwọn kan fẹ́ràn ọ̀rá, àwọn kan fẹ́ràn omi. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ẹ wá máa fi fèrèsé tó gba 19 wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí máàkì bá ti ga, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni okùn ti la ọ̀rá kọjá, torí nǹkan bíi 20 ámínò ásíìdì ló máa ń gbà láti rékọjá. Mo ya tèmi, òkè mẹ́fà yọ. Mo fò sókè lórí ibùsùn.

Lẹ́yìn náà ni mo fi okùn náà wá àwọn tó jọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín òru, torí dátà òru ò wọ́n, èsì jáde: "alábàárù ṣúgà, ó ṣeé ṣe." Lédè Òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ṣé ẹ rí "ó ṣeé ṣe" yẹn? Nígbà tí màá fi kọ ọ́ sínú orí kẹrin ìwé mi, mo ti gbàgbé rẹ̀ sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ gbàgàdà pé alábàárù ṣúgà ni. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ọfà sí i, mo kun ṣúgà ní àwọ̀ pupa. Ó rẹwà.

Ọ̀gá mi kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

"Ta ló sọ fún ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀?"

Mi ò lésì. Ó ní kí n lọ tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tọ̀ ọ́. Ẹni tí mo wò kọ ọ́ torí pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sára purotéènì tó jọ ọ́. Ẹni yẹn náà wò ó lára ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe èèyàn. Mo tọ̀ ọ́ títí, mo dé ìdí rẹ̀, kò sí àdánwò kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá purotéènì yẹn gbé ṣúgà rí. Ọ̀rọ̀ àhesọ ni gbogbo rẹ̀, bíi ti ìyá ẹlẹ́wà.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n sà, wọ́n jọra lóòótọ́." Ó ní, "Ṣé o ti lọ síbi ìnáwó tí wọ́n ti wọ aṣọ ẹbí rí? Bí o bá dúró lókèèrè, gbogbo wọn á jọ ọmọ ìyá. Aṣọ lò ń wò, ẹ̀jẹ̀ kọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo purotéènì tó ń gbé inú ọ̀rá ló gbọ́dọ̀ kún fún àwọn ámínò ásíìdì tó fẹ́ràn ọ̀rá. Aṣọ ẹbí wọn nìyẹn. Nítorí náà, ó rọrùn kí àwọn méjì tí kò bára tan jọra.

Báwo la ṣe wá ń mọ aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ Saier ní ọgbọ́n kan fún un. Ẹ mú okùn méjì, ẹ fi wé ara wọn, ẹ gba máàkì. Ẹ wá mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ po lẹ́tà inú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni po káàdì, ẹ tún fi wé ìkejì. Ẹ tún un pò, ẹ tún un fi wé, nígbà ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Okùn tẹ́ ẹ pò yẹn ṣì wọ aṣọ ẹbí, torí lẹ́tà kan náà ló wà lára rẹ̀. Ohun tó ti sọ nù ni ìtò, ìtò sì ni ẹ̀jẹ̀. Bí máàkì tòótọ́ bá ga fíìfíì ju gbogbo ti ìpòpọ̀ lọ, wọ́n bára tan. Bí kò bá ga, aṣọ lásán ni. Ọ̀gá mi ní òun ò fẹ́ kí máàkì mi kéré sí 10, kí ibi tí mò ń fi wéra má sì kéré sí 60 ámínò ásíìdì.

Ọgbọ́n kejì wà tí mo fẹ́ràn jù. Bí A bá bá B tan, tí B bá C tan, A àti C bára tan, bí wọn ò tilẹ̀ jọra mọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìyẹn? Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ìlú wa tí mi ò jọ rárá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá mi jọra bí ìbejì. Mo wá gbogbo ẹni àárín tí mo lè wá fún purotéènì mi, bóyá ọ̀kan á so ó mọ́ àwọn ẹlẹ́rù ṣúgà.

Mo pò, mo fi wé. Máàkì mi tó ga jù jẹ́ 4.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká kó ìwé jọ. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní, "Àṣàkẹ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó ń bọ̀ wá dán yín wò ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. 'Alábàárù ṣúgà' dùn gbọ́ ju 'mi ò mọ̀' lọ." Òótọ́ ló sọ, ó dùn gbọ́ jù ú lọ. Mo ronú nípa rẹ̀ ní òru méjì. Ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe pé wọ́n á mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní mú mi. Ìwé mi á wà lórí pẹpẹ, ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kà á, á kọ ọ́ sínú tirẹ̀, àhesọ á di ìmọ̀. Èmi náà á ti di ìyá ẹlẹ́wà.

Mo pa orí kẹrin rẹ́. Mo tún un kọ. Àwòrán ṣúgà pupa lọ. Mo kọ ọ́ pé ó la ọ̀rá kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà, pé a rí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ báyìí báyìí, pé kò sí ẹ̀rí pé ó bá àwọn ẹlẹ́rù ṣúgà tan, pé a ò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó wá láti ìta wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọdún kan gbáko lo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Kí wá ni purotéènì rẹ ń gbé?" Mo ní, "A ò mọ̀, sà." Yàrá pa lọ́lọ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mi ò rí A gbà. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ò sọ̀rọ̀, ó kàn ra mínírà tútù fún mi.

*

Ọ̀gá mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó fi ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Nature lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ kà wọ́n. Ìtàn tó wà níbẹ̀ ni mo fi ń sọ ti kéréètì.

Bakitéríà máa ń mọ ògiri sí ẹ̀yìn awọ ọ̀rá rẹ̀. Ògiri yẹn ni penisilíìnì kì í jẹ́ kó mọ, tí bakitéríà fi ń bẹ́. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, òde ni wọ́n ti ń mọ ọ́n. Ohun tó ń gbé búlọ́ọ̀kù jáde ni ọ̀rá kékeré kan tó ní kábọ́ọ̀nù 55. Kéréètì ni. Bó bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ lóde, ó gbọ́dọ̀ padà wọlé kí wọ́n tún di ẹrù lé e. Kéréètì náà kò pọ̀. Bí kò bá padà, iṣẹ́ dúró. Ó ti pẹ́ tí gbogbo onímọ̀ ti mọ̀ pé ó ń padà. Ẹni tó ń dá a padà ni wọn ò mọ̀.

Wọ́n sì ń rí ẹni náà lójoojúmọ́. Ẹbí kan wà tí wọ́n ń pè ní DedA. Orúkọ rẹ̀ ò sọ iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó wà lára DNA ló ń sọ. Inú 9.B ni wọ́n tò ó sí. Mẹ́jọ ni wọ́n nínú E. coli. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, kò sí ohun tó ń ṣe bakitéríà, torí ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀wẹ̀ àbúrò. Ní 2008 ni wọ́n fi hàn pé bí wọ́n bá yọ méjì kan lẹ́ẹ̀kan náà, YqjA àti YghB, bakitéríà ò lè pín sí méjì dáadáa mọ́, kò sì lè dàgbà nínú ooru 42°C. Wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan, wọn ò mọ nǹkan náà. Ẹbí kejì ò tiẹ̀ ní ju nọ́ńbà lọ: DUF368.

Àwọn ẹgbẹ́ méjì ní Boston, ti David Rudner àti ti Matthew Waldor, ló yanjú rẹ̀, ìwé àwọn méjèèjì sì jáde papọ̀. Ọ̀kan lo oògùn kan tó ń di kéréètì òfìfo mú níta. Wọ́n wo àwọn tí oògùn náà tètè ń pa bí wọ́n bá yọ jíìnì kan kúrò lára wọn. Ẹgbẹ́ kejì rí i pé bí kò bá sí àwọn purotéènì yìí, ògiri bakitéríà a máa bàjẹ́ níbi tí kò bá kan rárá, níbi tó dà bí omi eérú. Bakitéríà tó ń fa onígbáméjì wà lára àwọn tí wọ́n lò, èyí tí àwa níbí mọ̀ dáadáa bí òjò bá ti dé. DedA àti DUF368 ló ń dá kéréètì padà. Wọ́n ti ní orúkọ iṣẹ́ báyìí: UptA, PopT.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọkùnrin orí bẹ́ńṣì ni mo rí.

Tí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sára DUF368 tipẹ́ pé "alábàárù ṣúgà", torí pé aṣọ rẹ̀ jọ ọ́, ta ló máa tún wá a lọ? Nọ́ńbà lásán tí wọ́n fún un yẹn ló pa àyè mọ́ fún un. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọ̀rọ̀ ẹni yìí ò tíì parí.

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Màmá mi ń ka ìgò. Ó ní, "Àṣàkẹ́ mi, ṣé ẹ ti parí? Kí ni nǹkan tí ẹ̀ ń wá yẹn ń ṣe gan-an?"

Mo ní, "Mọ́mì, a ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ẹ ti bi í léèrè?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí ọkùnrin yẹn gbádùn tó padà wá. Ó gbé àga fún un, ó ṣí mínírà kan fún un, ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó sì bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkùnrin náà sọ fún un. Ó ní láti ọdún méje tóun ti wà níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn.

Purotéènì tèmi ṣì wà nínú 9.B. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ìwé mi wà lórí pẹpẹ ní ẹ̀ka wa. Mi ò kọ irọ́ kankan síbẹ̀. Ẹ wá bá mi bi í léèrè.